Ẹran Ojú Kì í Dá Wá: Ohun Tó Ń Ṣe Ìpéǹpéjú àti Omijé Àwọn Tó Ní In

Ẹni tó bá dúró díẹ̀ nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ lọ́sàn-án gangan, tó sì wo ojú àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò, kò ní pẹ́ rí ẹni tí ẹran pupa ń rá bọ̀ láti igun ojú tó kọjú sí imú, tó ń lọ síbi dúdú ojú. Ó wà lójú àwọn àgbẹ̀ kòkó tó ń ti Ìdànrè bọ̀. Ó wà lójú àwọn tó ń la pákó ní Oǹdó, àti lójú àwọn ìyá tó ń yan gààrí nínú èéfín. Ẹran ojú la máa ń pè é nílé. Pterygium ni àwọn dókítà ń kọ sínú káàdì.

Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ ládùúgbò, ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn máa ń bi ara wọn: ṣé kí wọ́n gé e ni, àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀? Ìbéèrè náà tọ́, àmọ́ kò tó. Ojú tó ń ta ni, tó ń yún, tó ń rí bàìbàì, àfi tí ènìyàn bá ṣẹ́jú kó tó mọ́lẹ̀ padà, tó ń da omi lójú afẹ́fẹ́, kì í ṣe ẹran yẹn nìkan ló ń fà á. Omijé tó ti bàjẹ́ wà lára rẹ̀. Ìpéǹpéjú tí kò mú òróró jáde dáadáa mọ́ náà wà lára rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó tọrọ owó kiri kí wọ́n tó rí iṣẹ́ abẹ ṣe, tí ẹran ti lọ, tí ojú funfun, síbẹ̀ tí ojú náà kò yéé ta wọ́n. Wọ́n gbà pé dókítà ló fi iṣẹ́ ṣeré. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé kò sẹ́ni tó wo ìpéǹpéjú wọn ṣáájú, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ìtọ́jú mìíràn ṣì kù.

Omijé kì í ṣe omi lásán

Yàtọ̀ sí omijé tí à ń sun nígbà ìbànújẹ́, omijé kan wà tó máa ń bo ojú wa láti àárọ̀ di alẹ́. Ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ju bí ìdá 3 nínú 1,000 mìlímítà kan lọ. Bó ti fẹ́lẹ́ tó yẹn, nǹkan mẹ́ta ló para pọ̀ di í. Ohun tó ń yọ̀, tó ń fà, ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké inú awọ tó bo funfun ojú ló sì ń ṣe é. Òun ló ń jẹ́ kí omi lẹ̀ mọ́ ojú. Omi fúnra rẹ̀ ló wà láàárín, ó ń wá láti inú àpò omijé tó wà lókè ojú, iyọ̀ wà nínú rẹ̀, èròjà tó ń bá kòkòrò àrùn jà sì wà níbẹ̀. Òróró ló wà lókè. Bí òróró yẹn kò bá sí, oòrùn àti afẹ́fẹ́ á fa omi náà gbẹ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì.

Ibi tí òróró yẹn ti ń wá ni ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Inú ìpéǹpéjú ni. Dókítà ará Jámánì kan, Heinrich Meibom, ló ṣàpèjúwe àwọn àpò òróró náà ní ọdún 1666, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ́ títí dòní. Ìpéǹpéjú òkè ní bíi 25 sí 40 nínú wọn, ti ìsàlẹ̀ ní bíi 20 sí 30. Wọ́n tò lóròòró nínú ìpéǹpéjú, ẹnu wọn sì wà létí rẹ̀, lẹ́yìn ibi tí irun ti hù. Nígbà tí a bá ṣẹ́jú, ìpéǹpéjú á fún wọn, òróró díẹ̀ á yọ, á sì tẹ́ sórí omijé. Ẹni tó bá jókòó jẹ́jẹ́ máa ń ṣẹ́jú tó nǹkan bí ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tó bá tẹjú mọ́ fóònù, ó máa ń dín kù gan-an.

Ní ti ẹni tó ní ẹran ojú, àwọn àpò òróró yìí kì í sábà pé mọ́. Ẹ̀rọ ayàwòrán kan wà báyìí tó ń lo ìtànṣán tí ojú lásán kò lè rí láti ya inú ìpéǹpéjú. Ní ojú tó dá ṣáṣá, àwọn àpò náà á hàn bí ìlà funfun tó gùn, tó tò létòlétò. Lójú ẹni tí ẹran ojú ń yọ lẹ́nu, àwọn kan á ti kúrú, àwọn kan á ti lọ́ wọ́, àwọn kan kò ní sí níbẹ̀ mọ́ rárá. Ní ọdún 2017, àwọn oníwádìí ní Ṣáínà tẹ iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé bí àpò òróró bá ṣe bàjẹ́ tó lójú àwọn tó ní pterygium, bẹ́ẹ̀ ni omijé wọn kì í pẹ́ fọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìnira ojú wọn ń pọ̀ sí i. Ohun tí àwọn aláìsàn ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, pé ìnira àwọn kò bá bí ẹran náà ṣe tóbi tó mu. Ẹran kékeré lè ta ènìyàn gan-an, ti ẹlòmíràn sì lè dé etí dúdú ojú kó má mọ̀ ọ́n lára.

Bí wọ́n ṣe ń wò ó

Àyẹ̀wò tó ń fi èyí hàn kò ṣòro, ó sì yẹ kí àwa tí à ń lọ sílé ìwòsàn mọ̀ ọ́n kí a lè béèrè fún un. Dókítà á fi oje kan tó ń jẹ́ fluorescein kan ojú. Á ní kí ẹ gbé àgbọ̀n lé ibi ìgbágbọ̀nlé ẹ̀rọ, á sì tan iná aláwọ̀ búlúù sójú yín. Lójú ẹsẹ̀ ni omijé á máa tàn ní àwọ̀ ewé, ó máa ń rẹwà láti wò. Á ní kí ẹ ṣẹ́jú, kí ẹ wá ranjú, kí ẹ má ṣẹ́ ẹ mọ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohun tó ń dúró dè ni ìgbà tí àpá dúdú àkọ́kọ́ máa yọ láàárín àwọ̀ ewé yẹn, torí pé ibẹ̀ ni omijé ti já. Lójú tó dá ṣáṣá, ó máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ẹran ojú, kì í tó bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn kì í tó 5.

Àyẹ̀wò kejì ni ti pépà tẹ́ẹ́rẹ́. Dókítà ará Jámánì mìíràn, Otto Schirmer, ló gbé e jáde ní 1903, wọ́n sì ń lò ó kárí ayé síbẹ̀. Wọ́n á fi pépà náà kọ́ etí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, wọ́n á wá wọn ibi tí omi rin dé. Bí kò bá kọjá mìlímítà 5, omi ojú ẹni yẹn kéré gan-an. Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ẹran ojú kì í kùnà nínú àyẹ̀wò pépà. Omi wọn pọ̀ tó. Òróró tó yẹ kó bò ó, àti ohun tó yẹ kó mú un lẹ̀ mọ́ ojú, ni kò pé. Nítorí náà ni ojú kan náà ṣe lè máa da omi, kí dókítà sì tún sọ pé ó gbẹ. Ojú gbẹ, ó ta, ọpọlọ pàṣẹ pé kí omi wá, omi ya wá ní rẹpẹtẹ, àmọ́ kò ní òróró nínú, ó ṣàn sílẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá ń sọ fún dókítà pé "ojú mi kò gbẹ, omi ló ń dà" kò purọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni dókítà náà kò ṣàṣìṣe.

Kò yẹ kí dókítà fi ìpéǹpéjú sílẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Á fi ọwọ́ tàbí igi kékeré olówùú tẹ etí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Òróró tó dáa máa ń yọ ní mímọ́ gaara, ó máa ń ṣàn. Èyí tó ti bàjẹ́ máa ń nípọn, á ti pọ́n tàbí kó funfun, á dì bí òrí lásìkò ọyẹ́, tàbí kó má tilẹ̀ jáde. Bí dókítà kò bá fọwọ́ kan ìpéǹpéjú yín rárá, ẹ rọra béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo ìpéǹpéjú mi pẹ̀lú."

Èwo ló ṣáájú?

Ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ń bá ara wọn fà nìyí. Àwọn kan rò pé ojú gbígbẹ ló ń pe ẹran, torí pé ojú tí omijé kò bò dáadáa kò ní ààbò lọ́wọ́ oòrùn àti eruku. Àwọn mìíràn ní ẹran ló ń ba omijé jẹ́. Gíga rẹ̀ ń gbé ìpéǹpéjú sókè nígbà tí a bá ṣẹ́jú, omijé kò lè tẹ́ dọ́gba mọ́, wíwú àti pípọ́n tó wà níbẹ̀ sì ń ràn dé ẹnu àwọn àpò òróró. Ẹ̀gbẹ́ ẹran tó bá ga gan-an lè gbẹ débi pé dígí iwájú ojú, ìyẹn cornea, á fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rí wà fún èrò kejì yìí: lẹ́yìn tí wọ́n bá gé ẹran, omijé ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń dára díẹ̀ sí i láàárín oṣù mélòó kan, bí ẹran náà bá sì tún hù padà, omijé á tún bàjẹ́. Ní tèmi, mo gbà pé méjèèjì ló ń ran ara wọn lọ́wọ́, pàápàá nílùú bíi tiwa, níbi tí oòrùn kan náà àti eruku kan náà ti ń ba méjèèjì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nípa oòrùn, àwa gan-an ni ọ̀rọ̀ bá wí. Ẹran ojú wọ́pọ̀ jù láàárín ìwọ̀n 37 sí àríwá àti 37 sí gúúsù ìlà tó pín ayé sí méjì, Àkúrẹ́ sì wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 péré. Ìtànṣán oòrùn tí a kò lè rí ló ń ba àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà létí dúdú ojú jẹ́, àwọn tó yẹ kí wọ́n máa dènà kí awọ funfun ojú má rá gun dígí ojú. Ìdí tó fi máa ń bẹ̀rẹ̀ lápá imú nìyí: ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ẹ̀gbẹ́ ojú wọlé, láti apá etí, á gba inú dígí ojú kọjá, dígí náà á sì kó o jọ sí ojú kan ní apá imú, tí agbára rẹ̀ á fi lè pọ̀ tó ìlọ́po 20. Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé fìlà nìkan kò tó. Awò ojú tó ká ẹ̀gbẹ́ ojú mọ́ ló dára, kí wọ́n sì kọ UV400 sára rẹ̀, ìyẹn àmì pé ó ń dí ìtànṣán oòrùn tí a kò lè rí. Awò dúdú olówó pọ́ọ́kú tí kò ní ààbò yẹn lè burú ju kí ènìyàn má lo nǹkan kan lọ, torí pé dúdú rẹ̀ á jẹ́ kí ojú là gbòòrò, ìtànṣán á sì ráyè wọlé. Bí ọlọ́kadà bá wọ hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó ní dígí iwájú, tó sì sọ dígí náà kalẹ̀, ó ti ṣe ojú rẹ̀ lóore fún oòrùn, fún eruku àti fún afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Tìróò, irun àtọwọ́dá àti oògùn kẹ́mísì

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè dun àwọn kan, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Tìróò tí à ń fà sí etí inú ìpéǹpéjú, orí ẹnu àwọn àpò òróró gan-an la ń fà á sí. Ó ń dí wọn. Wọ́n sì ti rí òjé nínú púpọ̀ nínú tìróò tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà, ewu sì ni òjé, pàápàá fún àwọn ọmọdé. Irun àtọwọ́dá tí àwọn ọmọge ń lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú fún ọjọ́ ìnáwó, gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè mú etí ìpéǹpéjú wú, kó sì ṣòro láti fọ ibẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá lè fara dà á. Ẹni tó ti ní ẹran ojú kò ní òróró tó lè fi ṣòfò.

Oògùn ìkán-sójú tí à ń rà ní kẹ́mísì láìrí dókítà ló ń bà mí nínú jẹ́ jù. Oríṣi kan wà tó máa ń jẹ́ kí ojú pupa funfun kíá, torí pé ó ń fún àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ojú pa. Bó bá ti lọ, pípọ́n náà á padà pẹ̀lú agbára, ènìyàn á sì tún kán òmíràn. Oríṣi kejì ni èyí tó ní steroid nínú, ìyẹn èròjà tó ń mú wíwú àti pípọ́n rọlẹ̀, bíi dexamethasone tàbí betamethasone. Ojú máa ń tù lọ́jọ́ méjì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ràn rẹ̀. Tí ènìyàn bá ń kán an fún oṣù, ó lè mú kí agbára omi inú ojú ga sókè, kó sì fa glaucoma tó ń pa ojú díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora. Ó tún lè mú kí cataract, ìyẹn kùrukùru tó ń bo dígí inú ojú, tètè yọ. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ nítorí ẹran kékeré tí kò tíì kan dúdú ojú. Ẹran náà kò kúrò. Ojú kan kò ríran dáadáa mọ́ báyìí. Ẹ má tún dá a lé omi ewé, ìtọ̀ tàbí ọmú ìyá: kòkòrò tó wà nínú wọn lè dá egbò sí dígí ojú, egbò yẹn sì lè fọ́ ojú.

Àní oògùn omijé àtọwọ́dá tó dára fún ojú gbígbẹ, ó ní ohun tó yẹ kí a mọ̀ nípa rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìgò rẹ̀ ní benzalkonium chloride kí oògùn má baà bàjẹ́, ohun náà sì ń tú òróró orí omijé ká. Ẹni tó ń kán an ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́, kó béèrè fún èyí tí kò ní in. Nípa òróró ẹja tí wọ́n ń polówó fún ojú, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lórí ènìyàn 535 tó ní ojú gbígbẹ, tó jáde ní 2018, fi han pé kò ṣiṣẹ́ ju òróró ólífì lásán lọ. Ẹ fi owó yẹn ra awò ojú.

Ìtọ́jú ìpéǹpéjú nílé

Èyí kò gba owó púpọ̀. Ẹ fọ ọwọ́ yín mọ́. Ẹ rì aṣọ mímọ́ sínú omi tó gbóná dé ìwọ̀n tí ara gbà, ẹ fún un, ẹ gbé e lé ojú tí ẹ dì fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Bó bá ti ń tutù, ẹ tún un rì. Òróró tó dì nínú ìpéǹpéjú máa yọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka wọ́ ìpéǹpéjú òkè wá sísàlẹ̀, kí ẹ wọ́ ti ìsàlẹ̀ sókè, jẹ́jẹ́, síhà etí rẹ̀, kí òróró lè jáde. Ẹ fi owú mímọ́ tó tutù díẹ̀ nu etí irun. Ẹ ṣe é láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta kò tó. Ẹni tí tirẹ̀ bá le, dókítà lè kọ oògùn bíi azithromycin tàbí doxycycline fún un. Doxycycline kò yẹ fún aboyún tàbí ọmọdé, ẹ má lọ rà á fúnra yín.

Tó bá di pé kí wọ́n gé e

Wọ́n máa ń gé ẹran ojú tó bá ń sún mọ́ àárín dúdú ojú, tó ń fa dígí ojú débi tí ìríran fi ń daru, tí kò jẹ́ kí ojú yí, tàbí tí ìnira rẹ̀ kò lọ lẹ́yìn ìtọ́jú gidi. Ọ̀nà tí wọ́n fi gé e ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Bí wọ́n bá gé e tí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò, ẹran náà lè padà lára àwọn tó pọ̀ ju ìdajì lọ, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí mélòó kan ṣe fi hàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú awọ díẹ̀ láti apá òkè ojú kan náà, tí wọ́n fi bo ibẹ̀, tí wọ́n rán an tàbí tí wọ́n lẹ̀ ẹ́, ìpadàbọ̀ rẹ̀ máa ń dín kù púpọ̀. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n máa ṣe. Ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni UNIMED, ìyẹn ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn Oǹdó, ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, ó sì wà ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀. Láàárín ọdún àkọ́kọ́ ni ẹran máa ń padà jù, pàápàá lójú àwọn ọ̀dọ́. Ẹ má dá ọjọ́ àyẹ̀wò dúró nítorí pé ojú ti funfun, ẹ má sì pa ìtọ́jú ìpéǹpéjú tì.

Fún àwọn àgbà tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ cataract, ọ̀rọ̀ yìí tún lágbára sí i. Kí wọ́n tó fi dígí tuntun sínú ojú, wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ojú náà. Ẹran ojú máa ń fa dígí iwájú ojú kúrò ní bó ṣe yẹ, omijé tó fọ́ náà sì ń ba ìwọ̀n jẹ́. Dígí tí wọ́n bá yàn lórí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lè má bá ojú mu. Nítorí náà ni àwọn dókítà kan fi máa ń kọ́kọ́ tọ́jú ìpéǹpéjú, wọ́n á gé ẹran bó bá yẹ, wọ́n á dúró fún oṣù mélòó kan, kí wọ́n tó wọn ojú fún cataract. Kì í ṣe pé wọ́n ń fi àkókò yín ṣòfò.

Ó ku ohun kan. Kì í ṣe gbogbo ẹran tó hù sójú ni pterygium. Jẹjẹrẹ kan wà tó máa ń hù níbẹ̀, tó lè jọ ọ́ gan-an, ó sì wọ́pọ̀ ní Áfíríkà láàárín àwọn tó ní kòkòrò HIV. Bí ẹran bá ń dàgbà kíákíá, bó bá funfun tàbí kó ní ìpẹ́ lórí, bí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá bá lọ bá a, ẹ má dúró. Ẹran èyíkéyìí tí wọ́n bá gé lójú yín, ẹ ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí lábù, kí ẹ sì padà lọ gba èsì rẹ̀.